Òṣùpá tó yọ láì tàn: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Aránṣọ Tákìé:
Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù kẹsàn-án 2025, ni tèmi. Mo wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, a jókòó síta, à ń jẹ àgbàdo. Màmá ò mọ̀wé, àmọ́ kò sí kàlẹ́ńdà tó lè parọ́ oṣù fún wọn. Wọ́n ní, "Àrànmọ́jú lónìí. Bí oòrùn bá ṣe ń wọ̀ lọ́hùn-ún ló yẹ kó máa yọ níbí. Ó dà?" Mo ní ìkùukùu ló bò ó. Wọ́n ní irọ́ ni, pé àrànmọ́jú a máa tàn gba inú ìkùukùu.

Ó tó aago méje ààbọ̀ kí ọmọ àbúrò mi tó nawọ́ sókè òrùlé ilé kejì. "Màmá àgbà, kí nìyẹn?"

Ó pọ́n, ó tún dúdú, bí ẹ̀yinná tó ń kú lọ. Màmá dìde. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, wọ́n á ní oòrùn àti òṣùpá ló ń jà. Èmi ọ̀mọ̀wé bá ṣàlàyé pé ayé ló bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, òjìji wa ló bò ó. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn díẹ̀ tó rí afẹ́fẹ́ ayé gbà kọjá ló jẹ́ kó pọ́n. Màmá wò mí títí. "Àárín ìjà lo wà, o wá ń jẹ àgbàdo?"

Kó tó di aago mẹ́jọ, etí rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ní aago mẹ́sàn-án, ó ti mọ́ rekete.

Ọmọ Akẹ̀sán:
Ti Ọ̀yọ́ ńkọ́! Ọjọ́ Jímọ̀ 27 oṣù keje 2018, ìṣẹ́jú 103 ni gbogbo rẹ̀ fi pọ́n. Àwọn kan ti ń pariwo pé ẹni ńlá kan ti lọ. Áfáà àdúgbò wa pe ìrun, wọ́n rán wa létí ohun tí Ànábì sọ, pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni. Kí n sọ òótọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ títí ó fi mọ́. Ti oòrùn, 29 oṣù kẹta 2006, inú kíláàsì ni wọ́n tì wá mọ́ nítorí ojú wa. Ti òṣùpá nìkan lèèyàn ń fi ojú lásán wò.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má bínú o, ṣé òjìji yìí náà kọ́ ló ń jẹ ẹ́ kù lóṣooṣù?

Aránṣọ Tákìé:
Rárá, mà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá ku ìdajì, tí ẹ rí i lókè ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ṣì ń ràn, ẹ mú ọsàn kan, ẹ nà án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí oòrùn mú lára ọsàn náà ló mú lára òṣùpá. Ìyókù, òru ló ń ṣe níbẹ̀. Ó ń yí wa po, ìdí tí ibi tó mọ́ fi ń pọ̀ tó ń dín lójú wa nìyẹn; láti àrànmọ́jú kan sí èkejì, bí ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀ ni. Àrànmọ́jú nìkan ni òjìji wa lè bò, bẹ́ẹ̀ náà kì í ṣe oṣooṣù, torí ọ̀nà òṣùpá fi bí ìwọ̀n 5 tẹ̀ sí ti ayé. Lọ́pọ̀ ìgbà, á gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ òjìji náà kọjá.

Òmíràn ń bọ̀ ní ìdájí 28 oṣù kẹjọ 2026, láti bí aago mẹ́ta ààbọ̀, àmọ́ kò ní bò ó tán. Màmá ní kí n jí àwọn, kí n má sì gbàgbé àgbàdo.