Pápá ìṣeré tàbí gọ́tà? Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ pín ẹgbẹ́ lándíládì wa sí mẹ́ta

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Apá Àkọ́bọ̀ n'Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lándíládì àdúgbò wa. Ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa, mo sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí wọn ò tíì kọ́lé sí, ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ á ti kún ibẹ̀, wọ́n á ri igi mọ́lẹ̀ fún mọ́ńkí pósìtì, wọ́n á máa gbá sẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwa tí dókítà ti kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún náà ń rìn yí i ká láàárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n kí òjò kan rọ̀ báyìí, ẹrẹ̀ á mu èèyàn dé kókósẹ̀.

Ní ìpàdé tó kọjá, alága wa gbé àwòrán kan jáde. Ọmọ rẹ̀ tó ń ya àwòrán ilé ló yà á, ó sì rẹwà, ká má parọ́: pápá bọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n, ibi ìsáré tó yí i ká, pápá basketball, ìjókòó fún igba èèyàn, iná sólà. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan dá ẹgbẹ̀rún 50 náírà. Ilé wa lé díẹ̀ ní igba, ìyẹn ni pé owó náà á lé ní mílíọ̀nù 10. Ó ní tí káńsù bá ti rí i pé a bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bá wa parí ẹ̀.

Ni ariwo bá ta. Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dìde, wọ́n ní, "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Méjì wà ní Kánádà, méjì wà ní Lẹ́kí. Èwo nínú wọn ló máa wá gbá bọ́ọ̀lù?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá sọ. Àwọn tó máa sanwó kọ́ ló ní ọmọ tó máa ṣeré. Ọmọ ayálégbé ló kún orí ilẹ̀ yẹn, a kì í sì í pe ayálégbé sí ìpàdé lándíládì. Ìyá kan dá bàbá lóhùn pé àwọn ọmọ ayálégbé tí ò ríbi ṣeré náà ló fọ́ gíláàsì mọ́tò wọn lójú títì lọ́jọ́sí.

Àwọn kan ní gọ́tà ló kàn, omíyalé ọdún 2011 ò tíì kúrò lójú àwọn. Àwọn kan ní tíránsífọ́mà. Èmi fúnra mi fẹ́ pápá yìí, mi ò ní bò ó mọ́ yín lójú, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó di igbó lẹ́yìn ọdún méjì kí wọ́n máa fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ṣé àdúgbò lè dáwó kọ́ irú ẹ̀ kó dúró? Ṣé ká gba owó lọ́wọ́ ayálégbé? Káńsù yìí ńkọ́?

Sọ̀fíyọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi téèpù wọn ọ̀rọ̀ yìí. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n jẹ́ mítà 105 ní gígùn, 68 ní ìbú. Pílọ́ọ̀tì tiwa n'Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kò pé mítà 16 ní ìbú, ó sì lé díẹ̀ ní 30 ní gígùn. Ẹ ṣírò ẹ̀: pápá nìkan á jẹ nǹkan bíi pílọ́ọ̀tì 15, ẹ ò sì tíì ka ibi ìsáré àti ìjókòó igba èèyàn mọ́ ọn. Ṣé ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìwé yín tóbẹ́ẹ̀? Kò dá mi lójú pé ọmọ alága débẹ̀ kó tó yàwòrán.

Basketball, mítà 28 sí 15. Ó wọ inú pílọ́ọ̀tì kan lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá sáré kọjá ìlà, fẹ́ǹsì ló máa fi imú sọ. Pápá kékeré ti márùn-ún sí márùn-ún, mítà 40 sí 20, èyí ni mo bá yín fẹ́. Pílọ́ọ̀tì mẹ́rin tí wọ́n jọ fẹ̀yìn kora á gbà á dáadáa, ààyè á sì ṣẹ́ kù fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun kejì, ta ló ni ilẹ̀? Ẹ lọ wo ìwé léáòtù àdúgbò yín, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ ibẹ̀, ní Sẹkitéríàtì, Agodi, bóyá wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún gbangba àbí ilẹ̀ ilé ìwé ni. Láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, àmọ́ ìyẹn ò ní kí ọmọ onílẹ̀ má fi bébà tà á fún ẹlòmíì lóru. Ẹ má gbé búlọ́ọ̀kù kan débẹ̀ láìrí ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gọ́tà bá pápá jà, mo ní ìbéèrè fún yín. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, nínú Ìbàdàn tí wọ́n ń kọ́lé sórí ọ̀nà omi? Ojú omi ni ilẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá ṣe pápá láìṣe gọ́tà, ẹ kọ́ adágún. Tí ẹ bá ṣe gọ́tà tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, tí gíréédà sì tẹ́ ilẹ̀ náà kó dà díẹ̀ síbi gọ́tà, iṣẹ́ kan náà lẹ ṣe.

Tíránsífọ́mà Ló Kàn

Àwọn tí ò rí iná fi lọ aṣọ ń wá ibi tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù sí. Ẹ kú fàájì.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún wo la dáwó tíránsífọ́mà tó kọjá? Ó ti bàjẹ́, a tún dáwó tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Ìdí tí mo fi ń béèrè nípa ìtọ́jú nìyẹn.

Ìyá Kóòṣì

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ẹ kú ìdúró. Àwọn ọmọbìnrin ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù, pápá tí a sì ń lò, àdúgbò ló dáwó kọ́ ọ. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kàǹsẹ́lọ̀ gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n pín jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n ya fọ́tò. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ta ló máa máa gé koríko.

Koríko ìgbà òjò kì í dúró dìpàdé. Ẹ gbójú kúrò lára ẹ̀ fọ́sẹ̀ mẹ́ta, ejò ti ríbi sùn. Tó bá di ìgbà ọyẹ́, tí kò sómi tí wọ́n bu rin ín, ilẹ̀ á le bíi kọnkéré, ọmọ tó bá ṣubú á bó lórúnkún. Owó tó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tán, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá pápá fún òde àríyá àti ìsọjí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kánópì ń ṣe fún pápá. Irin tí wọ́n fi ń de okùn rẹ̀ gùn tó apá, òòlù ni wọ́n fi ń gbá a wọlẹ̀. Tí wọ́n bá fà á yọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ihò á ṣẹ́ kù, koríko á sì bò ó. Ọmọ kan nínú ẹgbẹ́ mi, ọmọ ọdún 14, ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ọ̀kan nínú àwọn ihò yẹn. Èmi tí mo wà ní apá kejì gbọ́ bí ó ṣe ró. Ibi tí àwọn alásè dáná igi sí, àwọn ojú ààrò mẹ́ta tó wà lẹ́yìn góòlù, koríko ò hù níbẹ̀ mọ́ dòní. Gbogbo ọjọ́ Ajé, ká tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ á tò lórí ìlà kan, a ó jọ máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, a ó máa ṣa ìdérí ọtí àti egungun ẹran. Àwọn kan nínú wọn ò ní bàtà.

Torí náà, ẹ má yá orí koríko fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ alága ló ń ṣìnkú. Tí ẹ bá fẹ́ pawó, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí ẹ kọ́ ilé ìtajà kékeré méjì sẹ́nu ọ̀nà, kí owó rẹ̀ máa gé koríko.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tún ńkọ́? Nínú àwòrán tí ẹ sọ fún wa, mi ò gbọ́ ọ. Ọmọbìnrin tó bá ti ń ṣe nǹkan oṣù, tí kò ríbi wọ̀, kò ní padà wá, kò sì ní sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Nígbà tí Super Falcons, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, gba ife WAFCON ti ilẹ̀ Áfíríkà kẹwàá ní 2025, gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Ẹ wá béèrè ibi tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ń tọ̀ sí.

Bàbá Òkè-Àdó

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n rojọ́ àgbà díẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣí Liberty Stadium ní 1960. Ní oṣù kẹjọ 1963, bàbá mi gbé mi sọ́rùn lọ síbẹ̀ nígbà tí Dick Tiger ọmọ Nàìjíríà àti Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà wá ja ẹ̀ṣẹ́ fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé. Lẹ́yìn ìpele keje, Fullmer ò lè jáde wá mọ́. Ariwo tó ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ní 2010 wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pe sítédíọ̀mù náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nítòsí ibẹ̀ ni mò ń gbé, àwọn ọmọ ọmọ mi ò gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀ rí. Géètì wà, ọlọ́dẹ wà. Ojú títì ni wọ́n ti ń gbá a. Alága yín fẹ́ kọ́ sítédíọ̀mù, ẹ bá a wí. Ìjókòó igba èèyàn, àwọn wo ló fẹ́ jókòó síbẹ̀ wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Ẹ gbin igi, kí ẹ to bẹ́ǹṣì sábẹ́ ẹ̀ fún irú bàbá tó ní ọmọ ní Kánádà yẹn. Wọ́n á sanwó.

Mo Ti Ṣiṣẹ́ Káńsù Rí

Èyí tí alága sọ pé káńsù á bá yín parí ẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ohun tí kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò lè yọwó fún un, àfi tó bá fẹ́ kí ọ̀dítọ̀ wá bi òun léèrè.

Àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ni pé kí ẹ béèrè. Ìwé Òfin 1999, Àfikún Kẹrin, ka títọ́jú ọ̀nà, gọ́tà, iná òpópónà, páàkì àti ilẹ̀ gbangba mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Gọ́tà àti páàkì wà nínú gbólóhùn kan náà níbẹ̀, ẹ fi han àwọn tó ń jà. Láti July 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ kọ lẹ́tà, kí kàǹsẹ́lọ̀ yín gbé e wọlé kí wọ́n tó parí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀. Gọ́tà ni kí ẹ tọrọ, torí òun ló wọ́n jù, kí ẹ fi owó yín ṣe ìyókù. Kí wọ́n sì buwọ́ lu ìwé tó sọ ẹni tó ń tọ́jú kí ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Níbí ní Lọndọnu, káńsù ló ni ọ̀pọ̀ pápá. Ẹ wo Hackney Marshes tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọjọ́ Àìkú ti ń gbá: ẹgbẹ́ tó bá ń díje á sanwó pápá, ọmọ tó kàn gbé bọ́ọ̀lù tiẹ̀ wá ò san kọ́bọ̀. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lórí ayálégbé, ó yà mí lẹ́nu pé orí ilé lẹ fẹ́ pín owó sí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, régberégbe ló ń dá irú owó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ bí lásìkò kan náà ni, kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ bóyá o nílé. Àwọn kan náà tí ẹ ń rí lórí aṣọ ẹgbẹ́ ní Ojúde Ọba, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìlú pẹ̀lú, ẹgbẹ́ kan kì í sì í fẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì ta òun yọ. Ẹ pín àdúgbò sí ọjọ́ orí, tonílé tayálégbé. Kí àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta gba bẹ́ǹṣì àti ọ̀nà ìrìn, kí àwọn ọmọ ọgbọ̀n ọdún gba pápá. Ẹ ó rí bí owó ṣe máa jáde.

Àwa tí a wà lókè òkun náà á fi ránṣẹ́, àmọ́ kí ẹ máa lẹ ìwé ìnáwó mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn. Ohun tí ojú wa ti rí ò jẹ́ ká máa fi ọkàn balẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun gidi. Mo ka ọ̀rọ̀ Sọ̀fíyọ̀ sétí alága lálẹ́ àná. Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà ká wọn ilẹ̀ náà kí ìpàdé tó pé. Mo sì ti ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ayálégbé kan wá. Àwọn kan ti ń kùn, kò kàn mí.

Ìyá Kóòṣì, ìbéèrè kan ló kù. Ẹni tó ń gé koríko yín, oṣooṣù lẹ ń san án ni? Ẹ̀rọ ta ló ń lò?

Ìyá Kóòṣì

Ẹ̀rọ tiẹ̀ ni. Tí ìgbìmọ̀ bá ra ẹ̀rọ, ẹnìkan á yá a lọ gé iwájú ilé ẹ̀, ó di gbére nìyẹn. Ẹ máa san án lórí gígé kọ̀ọ̀kan, ẹ má san án lóṣù, torí láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, koríko ò ní í hù tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dá iye fún un, ẹ ní kó wá wo ilẹ̀ yẹn nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.