Kí ni mo lè fi ṣe pápá ogun Waterloo kékeré?

ỌmọLágere: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń ṣe pápá ogun Waterloo ti 1815 sórí pákó ńlá nínú yàrá mi n'Ífẹ̀, sójà kan ò ju ìka ọwọ́ lọ, kí ni mo lè fi ṣe òkè àti koríko tí ò ní jẹ owó mi tán?

KáfíńtàÀdúgbò: Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n ni kóo gé lé ara wọn, kóo fi bébà àti gọ́ọ̀mù bò ó. Kun ìyẹ̀fun pákó bí àwọ̀ ewé, koríko nìyẹn, ọ̀fẹ́ sì ni ní sọmíìlì. Má fọ́n ọ̀dà spray sí fóòmù yẹn lásán o, ó máa jẹ ẹ́ ni!

Ìjẹ̀ṣàPàràkòyí: Koríko wo? Oko ọkà ló pọ̀ níbẹ̀, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú June 18 yẹn, ẹrẹ̀ ló jẹ́ kí Napoleon, olórí àwọn Faransé, ṣì dúró kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ẹ̀yìn òkè ni Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tó kojú ẹ̀, kó ọ̀pọ̀ sójà ẹ̀ pamọ́ sí, torí náà má jẹ́ kí òkè ẹ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ ṣé ogun Kírìjì ò wù ẹ́ ni, kóo gbé Ògèdèǹgbé wa síbẹ̀?

ỌmọLágere: Kírìjì ló kàn ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé!

KáfíńtàÀdúgbò: Wọn ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn o, kóo tó lẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀.