Ṣé dandan ni káàdì ìdìbò (PVC) nígbà tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, ti mọ ojú olùdìbò?

ỌmọKubwa: Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Ìka àti ojú olùdìbò ti wà nínú BVAS kó tó di ọjọ́ ìdìbò. Kí ni káàdì tún ń wá níbẹ̀? Ṣé NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ò lè dípò rẹ̀ ni?

Alága_Gwagwalada: NIN ò lè dípò rẹ̀. Abala 47 nínú Òfin Ìdìbò 2022, tí wọ́n lò fún ìdìbò 2023, ní káàdì ìdìbò lèèyàn ó mú lọ sí ibùdó tí orúkọ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ káàdì ò tó nǹkan. Òṣìṣẹ́ á fi BVAS ka àmì tó wà lára káàdì náà. Bí kò bá kà á, á tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn VIN, ìyẹn nọ́ńbà olùdìbò tó wà lórí káàdì. Ìka ló kàn, bí ìka bá kọ̀, ó di ojú. Bí méjèèjì bá kọ̀, ẹ ò ní dìbò, káàdì ì báà wà lọ́wọ́ yín.

ÌyáMaraba: Ìka gan-an ni wàhálà. Sìmẹ́ńtì ti pa ìlà ìka bíríkìlà rẹ́, làálì náà sì ń bo ti àwọn obìnrin. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kẹ́ ẹ tẹ́ ìka pẹrẹsẹ, ẹ má fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tó bá kan ojú, ẹ bọ́ fìlà àti awò, ẹ má sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, torí ojú á dúdú nínú ẹ̀rọ.

Nyanya_Lókè: Ẹ rọra o. Bẹ́ ẹ bá yọ káàdì, orúkọ ni wọn ó máa wá. Abubakar mélòó ló wà ní ibùdó kan ní Kano? Aago 8:30 sí 2:30 péré ni ìdìbò.

Alága_Gwagwalada: @Nyanya_Lókè, VIN ni ká tẹ̀ sórí bébà lásán, ó parí. Ní 2023, èèyàn 93,469,008 forúkọ sílẹ̀, 87,209,007 ló gba káàdì. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ò lè dìbò, bẹ́ẹ̀ orúkọ wọn wà nínú ìwé.

ỌmọKubwa: Àwọn tó ń ra káàdì ńkọ́? BVAS ò sáà ní gbà kí wọ́n lò ó.

Alága_Gwagwalada: Wọn ò rà á láti lò ó. Wọ́n ń rà á kí ẹni tó ni ín má baà lè dìbò fún alátakò wọn ni, torí láìsí káàdì, ojú rẹ̀ tí BVAS mọ̀ ò wúlò. Abala 22 nínú òfin 2022 yẹn sọ pé ìyà ẹni tó bá rà á ni owó ìtanràn tí kò ju 500,000 náírà lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì lọ, tàbí méjèèjì. Bí káàdì bá sì sọ nù, abala 18 nínú òfin kan náà ní kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ béèrè òmíràn, ó pẹ́ tán, 90 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò.