Ọta wọ inú gẹdú tó so rọ̀: kí ló dé tí 14 m/s fi ń jáde dípò 200 m/s?

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìṣirò kan ń dà mí láàmú. Ọta 10 g sáré wá ní ìbú, ó wọ inú gẹdú 1.99 kg tí wọ́n fi okùn so rọ̀, ó sì há síbẹ̀. Gẹdú àti ọta jọ fì, wọ́n gòkè tó 5 cm kí wọ́n tó dúró. Kí ni ìyára ọta kó tó kan gẹdú? Wọ́n ní ká lo g = 10 m/s².

Òfin sọ pé agbára kì í ṣègbé. Mo wá ní kí ½mv² ti ọta bá (m+M)gh dọ́gba (m ni ìwọ̀n ọta, M ni ti gẹdú, v ni ìyára ọta, h ni bí wọ́n ṣe gòkè tó):
½ × 0.01 × v² = 2 × 10 × 0.05 = 1 J
v² = 200, v = 14.1 m/s.
Ìdáhùn tó wà nínú ìwé ni 200 m/s. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe, 14.1 náà ló ń jáde. Ibo ni mo ti ṣìnà?

Olùkọ́_Físíìsì
Àbúrò, ìṣirò rẹ péye, ibi tí o ti lo òfin náà ni kò gbà á. Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, o sì lù wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ìkọlù: ọta ń ya igi wọlé títí tó fi há. Èkejì ni fífì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Momentum, ìyẹn ìwọ̀n nǹkan × ìyára rẹ̀, ló ń bá wa dé òdìkejì ìkọlù, agbára ló ń bá wa gun òkè.

Ẹ̀yìn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Nínú fífì:
½(m+M)V² = (m+M)gh, nítorí náà V = √(2 × 10 × 0.05) = 1 m/s.
Ìyára àwọn méjèèjì nìyẹn ní kété tí ọta há. Wàyí o, ìkọlù:
mv = (m+M)V
0.01 × v = 2 × 1
v = 200 m/s.

Máa yẹ agbára wò lẹ́yìn ìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yé èèyàn. Kí ọta tó kan igi, ½ × 0.01 × 200² = 200 J. Lẹ́yìn tó há, ½ × 2 × 1² = 1 J. 199 J ti kúrò nínú ìrìn. Kò ṣègbé: ó ya ìfọ́nrán igi, ó tẹ ọta pẹlẹbẹ, ó sì di ooru. Ohun tí ìwọ sọ láìmọ̀ ni pé gbogbo agbára ọta ló ṣẹ́kù fún gígòkè.

Nígbàkígbà tí nǹkan kan bá lẹ̀ mọ́ èyí tó dúró jẹ́ẹ́, m/(m+M) nìkan ló ń ṣẹ́kù nínú agbára ìrìn. Níhìn-ín, 1 nínú 200 ni. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn rẹ fi kéré ní ìlọ́po √200.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3
Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ṣùgbọ́n bí igi bá lè gba agbára lọ́wọ́ ọta, kí ló dé tí kò lè gba momentum náà kó sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn? Àti pé nígbà tí gẹdú dúró lókè, momentum rẹ̀ ti di òdo. Ṣé òfin náà kò ti bàjẹ́ níbẹ̀?

Ìyá_Mẹkáníìsì
Ìbéèrè tó dára lo béèrè yẹn. Wo ipá tó wà láàárín wọn. Bí ọta ṣe ń ti igi síwájú, bẹ́ẹ̀ ni igi ń ti ọta sẹ́yìn, ipá kan náà, fún ìgbà kan náà. Ipá × ìgbà ni ìyípadà momentum, nítorí náà iye tí ọta pàdánù ni igi jèrè gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ipá × ọ̀nà ni agbára, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì rìn kò sì dọ́gba.

Ká ní ọta wọlé 5 cm. 199 J ÷ 0.05 m, ipá náà tó 3980 N. Momentum tí ọta pàdánù jẹ́ 0.01 × (200 − 1) = 1.99 kg m/s, nítorí náà ìkọlù gba 1.99 ÷ 3980 = 0.0005 s. Láàárín ìgbà yẹn, ọta rìn 50.25 mm, gẹdú rìn 0.25 mm péré. Ipá kan náà ni o, ọ̀nà tí ọta fi rìn ju ti gẹdú lọ ní ìlọ́po 201. Ìyàtọ̀ 50 mm yẹn ni 199 J wọlé sí.

Ti okùn ńkọ́? Bí okùn bá gùn tó 1 m, gẹdú tó sún 0.25 mm kò tíì jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Okùn ń fà ní nǹkan bíi 22 N, ṣùgbọ́n apá tó wà ní ìbú nínú rẹ̀ kò ju 0.006 N lọ. Kí nìyẹn máa ṣe fún 3980 N? Nígbà fífì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí gẹdú tó dókè, okùn sì ti dagun, ó ń fà á sẹ́yìn. Momentum gẹdú ń gba ojú okùn lọ sí àjà, ó ń ti àjà lọ sí ilẹ̀ ayé. Òfin kò bàjẹ́, gẹdú nìkan lo kàn ń wò. Agbára kò sì bá okùn lọ, nítorí pé ìgbà gbogbo ni okùn ń fà ní igun 90° sí ọ̀nà tí gẹdú ń gbà, kò ṣiṣẹ́ kankan lórí rẹ̀.

Aláàbójútó_Lábù
Ẹ jẹ́ kí n fi ti yàrá ìdánwò kún un. Ẹ má lo ìbọn o. Bọ́ọ̀lù irin kékeré tí sípíríǹgì ń ta ti tó, kí gbogbo èèyàn sì wọ gíláàsì ààbò.

Ẹ má wọn h ní tààrà. Bí ẹ bá ṣi 5 cm kà sí 6 cm, 200 m/s ti di 219. Ẹ wọn x, ìyẹn bí gẹdú ṣe sún tó ní ìbú, kí ẹ wá lo h = L − √(L² − x²), L ni gígùn okùn. Pẹ̀lú okùn 1 m, h 5 cm jẹ́ x 31.2 cm, bí ẹ bá sì fi 1 cm ka x jù, 206 péré ni ìdáhùn máa dé. Benjamin Robins, ará Ìlú Ọba tó kọ̀wé nípa irinṣẹ́ yìí ní 1742, so rìbọ́nì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀; bí pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ìyẹn ohun tó so rọ̀ náà, bá fì, ó ń fa rìbọ́nì jáde, gígùn èyí tó jáde ni ó ń wọn.

Okùn mẹ́rin tó dọ́gba ni kí ẹ lò, kí gẹdú má baà yí. Bí ó bá yí, apá kan agbára á lọ sínú yíyí, h á kéré, v náà á kéré. Bí bọ́ọ̀lù bá ta padà dípò kó há, gẹdú á gba momentum tó ju èyí tí bọ́ọ̀lù gbé wá lọ, v tí ẹ bá ṣírò á pọ̀ jù. Bí ó bá lu igi já, v á kéré jù. Ẹ gbẹ́ ihò síwájú gẹdú, kí ẹ di amọ̀ rírọ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ sì wọn gẹdú lórí òṣùwọ̀n lẹ́yìn tí amọ̀ ti wọlé. Bó bá jẹ́ ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló gbé e dání tí gbogbo rẹ̀ ń yí lórí ìṣó, V = √(2gh) kò péye mọ́; momentum yíyí ní ojú ìṣó yẹn lẹ máa lò.