Owó ìdógò ni, kì í ṣe owó àsansílẹ̀

Mo ka àbá tí ẹnì kan nínú wa mú wá pé kí a máa pe owó tí ayálégbé ń fi sọ́wọ́ onílé nítorí ohun tí ó lè bà jẹ́, èyí tí àwọn ejẹ́ńtì ilé ní Gwagwalada àti Kubwa ní Àbújá ń pè ní kọ́ṣọ̀n fíì (caution fee), ní “owó àsansílẹ̀” lédè Yorùbá. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ pé n kò fara mọ́ ọn. Owó tí a bá san sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ san án ni a ń retí. Owó ilé ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ ni àsansílẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n kọ́ṣọ̀n fíì ṣì jẹ́ ti ayálégbé bí ó tilẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé, ó sì yẹ kí ó gbà á padà bí ó bá kó jáde láìba nǹkan jẹ́, tí kò sì jẹ gbèsè iná tàbí omi.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òbí tí ó wà ní Ìlọrin tàbí Òṣogbo ni ó ń san owó náà, ọmọ ni yóò sì túmọ̀ ìwé tí lọ́yà fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún un lórí fóònù: owó ilé, owó ejẹ́ńtì, owó ìwé àdéhùn, kọ́ṣọ̀n fíì. Bí ọmọ bá pe èyí tí ó kẹ́yìn ní àsansílẹ̀, òbí yóò kà á mọ́ owó tí ó ti lọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́.

Ìdógò ni Yorùbá ń pe ohun tí a fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí a jẹ ní gbèsè, tí a óò gbà padà bí a bá mú ìlérí ṣẹ. Àwọn kan yóò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò jẹ onílé ní gbèsè ní ọjọ́ tí ó wọlé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé onílé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, gbèsè àtúnṣe sì lè dé. “Owó ìtanràn” tí ẹlòmíràn dábàá ni ó léwu jù, nítorí pé ó ti dá ayálégbé lẹ́bi kí ó tó sun òru kan níbẹ̀.

Ní Ẹ́ńgílándì, láti ọdún 2007 ni òfin ti ní kí onílé fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní Àbújá, ọwọ́ onílé tàbí ejẹ́ńtì ni ó máa ń wà, nítorí náà ohun tí a kọ sínú ìwé ni ayálégbé yóò dì mú. Ibẹ̀ gan-an ni èdè wa ti lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí pé ó ya gbígbó sọ́tọ̀ kúrò lára bíbàjẹ́. Ọ̀dà ògiri tí ó ṣá àti kọ́kọ́rọ́ tí ó jẹ nítorí lílò, gbígbó ni wọ́n gbó. Fèrèsé tí a fọ́, a bà á jẹ́ ni. Owó ìdógò kò gbọ́dọ̀ tún ohun tí ó gbó ṣe.

Ní ti kúítì nótíìsì (quit notice), ìwé tí onílé fi ń sọ fún ayálégbé pé kí ó kó jáde, “ìwé ìfilọ̀ ìkójáde” tẹ́ mi lọ́rùn ju “ìwé ìléjáde” lọ. Lábẹ́ òfin gbígba ilé padà ti Àbújá, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, ìfilọ̀ oṣù 6 ni ti ẹni tí ń gbé ilé lọ́dọọdún, oṣù 1 sì ni ti ẹni tí ń gbé e lóṣooṣù. Ìwé ọlọ́jọ́ 7, tí onílé fi ń sọ pé òun fẹ́ gba ilé òun padà, yóò tún tẹ̀ lé e kí ó tó lọ sí ilé ẹjọ́. Ìfilọ̀ fúnra rẹ̀ kò lé ẹnikẹ́ni jáde.

Gbólóhùn tí mo dábàá fún ìwé àdéhùn nìyí: “Onílé yóò dá owó ìdógò padà láàárín ọjọ́ 14 tí ayálégbé bá kó jáde, àyàfi iye tí ó fi tún ohun tí ayálégbé bà jẹ́ ṣe, tí rìsíìtì sì wà fún un.” Mo kọ “tí ayálégbé bà jẹ́” dípò “tí ó bàjẹ́”, nítorí pé ohun tí ó bàjẹ́ lè ti bàjẹ́ kí ọmọ náà tó wọlé.