"Ilé ìpamọ́" àbí "ilé ìtọ́jú"?

Ẹ kú ìjíròrò o. Lórí orúkọ tá a máa pe ibi tí yunifásítì ń kó ìwé àtijọ́ sí, àwọn kan ní "ilé ìpamọ́", ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní rárá, "pa mọ́" dà bí ìgbà téèyàn ń fi nǹkan bò, ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kuíà (àwọn tí ìfẹ́ tàbí jẹ́ńdà wọn ò bá ti ọ̀pọ̀ èèyàn mu) àti tíráǹsì (àwọn tí jẹ́ńdà wọn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pè wọ́n nígbà ìbí) tá à ń túmọ̀ yìí sì ti wà ní bíbò tó, ká kúkú pè é ní "ilé ìtọ́jú".

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ẹ kà á sókè ná: "ilé ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kuíà". Hòsípítù ni màmá mi máa gbọ́! Àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà sì ka ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin sí aláìsàn lóòótọ́ títí di 1973.

"Ìpamọ́" ni tèmi, ohun tẹ́ ẹ fi kọ̀ ọ́ gan-an ni mo fi fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí Robert Martin, tó ń jẹ́ Stephen Donaldson nínú ẹgbẹ́, dá Student Homophile League, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn, sílẹ̀ ní Yunifásítì Columbia, New York, yunifásítì ní àfi kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ta ló máa dán an wò nígbà yẹn? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbajúmọ̀ nínú ọgbà ni wọ́n bẹ̀ kí wọ́n bá wọn fi orúkọ sí i, bí wọ́n ṣe rí ìwé àṣẹ gbà lọ́dún 1967 nìyẹn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan ò lè sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún wa, ọwọ́ àwọn èèyàn náà ni lẹ́tà àti fọ́tò wà, ìdí nìyẹn tí yunifásítì fi gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ ṣe é pọ̀, bíi GALA, ilé ìpamọ́ ìtàn àwọn kuíà ní Johannesburg tó ti wà láti 1997, tí ìwé Simon Nkoli, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn kuíà ní South Africa tó ti ṣe aṣíwájú nínú COSAS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, wà lọ́dọ̀ wọn, tí Yunifásítì Wits sì gbà wọ́n sílé. Ẹni tó bá gbé páálí ìwé ẹ̀ wá lè sọ nínú fọ́ọ̀mù pé ẹ má ṣí èyí títí ọdún báyìí: ẹ pa á mọ́ kó má sọnù, ẹ pa á mọ́ kójú má tíì tó o. "Ìtọ́jú" ò lè ṣe méjèèjì.

"Homophile" ní tiẹ̀, ẹ má túmọ̀ ẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ni. "Akọdabo" tẹ́nì kan dábàá fún tíráǹsì sì ń dún létí mi bí oògùn. Ẹ jẹ́ ká fi "tíráǹsì" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, "ó" wa ò kúkú mọ akọ yàtọ̀ sí abo.