Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọkọ mi tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni, ọmọ Gujarat ní Íńdíà. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀ ló ti máa ń ṣàdédé bú sẹ́kún, àní bí ṣíbí bá kàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ti fún un lóògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Síbẹ̀, ohun tó ń tù ú nínú jù ni ẹsẹ 47 nínú orí 2 Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, pé iṣẹ́ ló kan ènìyàn, èso rẹ̀ kò sí níkàáwọ́ ẹni. Bó bá ti kà á tán, á tún gbìyànjú àtidé bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ó ti ń sọ báyìí pé kámà òun, ìyẹn ẹ̀san ìwà tí òun ti hù sẹ́yìn, ló fa àìsàn náà, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí wọra. Báwo ni mo ṣe lè bá a sọ ọ́ láì tàbùkù ẹ̀sìn rẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.